Láti Dover dé Peñíscola: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò alágọ̀ọ́ létí òkun nínú ooru oṣù kẹjọ

Ọ̀nà tí a tọ̀ nìyí: Dover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Calais, Rouen, Bourges, Millau àti Argelès-sur-Mer ní Faransé, lẹ́yìn náà Sant Pere Pescador, El Masnou, Tarragona àti Peñíscola ní Sípéènì. Ọkọ̀ kan, àgọ́ kan, àgbà méjì, ọmọ méjì. Nínú oṣù kẹjọ, gbogbo Yúróòpù ló ń wọ́ tìrítìrí lọ sí etí òkun yìí, ooru sì lè kọjá 35°C lọ́sàn-án. Iye kìlómítà kọ́ ló ń bá ìrìn-àjò náà jẹ́. Aago tí ẹ gbéra, ọjọ́ tí ẹ yàn nínú ọ̀sẹ̀, àti ibòji tó wà lórí àgọ́ yín ni kí ẹ máa rò kí ẹ tó ro ohunkóhun mìíràn.

Ọjọ́ Ajé: ìwé àti ẹrù dídì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, bó ti wù kó pẹ́ ní Ìlú Ọba tó. Ìwé ìgbélùú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un kò lè dípò rẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ tí ẹ máa wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku oṣù 3 ó kéré tán lọ́jọ́ tí ẹ máa jáde. Ẹ mú ìwé ọkọ̀ V5C gangan dání, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìǹṣọ́ránsì àti láísẹ́ẹ̀sì.

Sítíkà UK gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀. Láti September 2021 ni ti GB kò ti wúlò mọ́. Ẹ lẹ sítíkà adínátànkù mọ́ iná iwájú, nítorí iná ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún apá òsì títì máa ń tàn sójú ẹni tó ń bọ̀ bí ẹ bá bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹ ní onígun-mẹ́ta ìkìlọ̀, kí ẹ sì ní jákẹ́ẹ̀tì atànyanran fún olúkúlùkù. Ìdí ìjókòó ni kí jákẹ́ẹ̀tì wà, kì í ṣe inú bọ́ọ̀tì lábẹ́ ẹrù, torí pé ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ kí ẹsẹ̀ yín tó kan ilẹ̀ bí ọkọ̀ bá dá dúró lójú márosẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló máa ń ya àwọn ènìyàn wa lẹ́nu jù. Látìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú European Union, ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ bá yín wọ Faransé: kò sí pọ̀nmọ́, kò sí ṣàkì, kò sí ẹran díndín, kò sí búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran bọ̀ pàápàá. Ẹja gbígbẹ ń wọlé. Òfin gba 20 kìlógíráàmù fún jíjẹ ara ẹni. Iṣu tútù, ata rodo tútù àti ẹ̀fọ́ nílò ìwé-ẹ̀rí ìlera ewéko, kò sì sí ẹni tó máa torí ọlidé lọ gba ìyẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, dátì àti durian nìkan ni kò nílò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, ata gbígbẹ lílọ̀, gàrí, èlùbọ́, edé àti ẹja gbígbẹ. Gàrí ṣe pàtàkì gan-an ní etí òkun yìí: ní aago 2 ọ̀sán tí kò sẹ́ni tó fẹ́ dá iná, omi tútù àti ẹ̀pà ti tó.

Ẹ yẹ táyà wò ní àárọ̀ tí ó tutù, kí ọkọ̀ tó rìn. Nọ́ńbà tó wà fún ọkọ̀ tó kún fún ẹrù máa ń wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, ó sì máa ń ga ju ti ojoojúmọ́ lọ. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ẹrù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa gbóná bó ṣe ń yí, ojú títì tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ á sì parí iṣẹ́. Àpótí orí ọkọ̀ kì í sábà gbà ju 75 kìlógíráàmù lọ. Bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́, aṣọ àti ìrọ̀rí ni ibẹ̀ yẹ fún. Omi àti sílíńdà gáàsì, ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀tì ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Dover sí Bourges, bíi 540 kìlómítà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà nínú ètò nítorí Bison Futé, iléeṣẹ́ ìjọba Faransé tó ń sọ bí ọ̀nà ṣe máa rí pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́rin: ewé, ọsàn, pupa àti dúdú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó wà láàárín òpin oṣù keje àti àárín oṣù kẹjọ ló sábà máa ń dúdú, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn tó lo ọlidé oṣù keje ń padà tí ti oṣù kẹjọ sì ń lọ. Ẹ wo kàlẹ́ńdà wọn kí ẹ tó gba ààyè nínú ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Dover, àwọn ọlọ́pàá Faransé ló ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò níbẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀. Láti October 2025 ni ètò EES ti bẹ̀rẹ̀, tó ń gba ìtẹ̀ka àti fọ́tò ẹni tí kì í ṣe ọmọ European Union, ìlà sì lè gùn nítorí rẹ̀. Ọkọ̀ ìdájí ló dára jù. Ìṣẹ́jú 90 ni òkun ń gbà dé Calais. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun láti Folkestone ń gba ìṣẹ́jú 35.

Láti Calais, ẹ má gba Paris. A gba márosẹ̀ A16 dé Abbeville, lẹ́yìn náà A28 lọ sí Rouen láìsan owó ọ̀nà, ká tó gba Évreux, Dreux, Chartres àti Orléans, ká tó wá bọ́ sí A71. Ìyára tó pọ̀ jù lójú márosẹ̀ Faransé jẹ́ 130 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí òjò bá ń rọ̀, 110.

Ibi ìsanwó ọ̀nà ní ìṣòro tirẹ̀ fún ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún: ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì wà lápá òsì. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló máa nawọ́ gbà á, ẹ má jẹ́ kó sùn. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré onífèrèsé tí wọ́n ń pè ní télépéage kí ẹ tó kúrò nílé, ọ̀nà alámì “t” á ṣí fún yín. Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí wọ́n kọ 2 m sí lókè, àpótí orí ọkọ̀ lè fi orí gbá irin rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sì ka ọkọ̀ yín sí kíláàsì 2 nítorí àpótí náà, ẹ tẹ bọ́tìnì ìrànlọ́wọ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kíláàsì 1 ni wọ́n á dá yín padà sí.

Ibùdó ìjọba ìbílẹ̀, camping municipal, ni ẹ máa wá lálẹ́ àkọ́kọ́. Owó rẹ̀ kéré, balùwẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò sì ní adágún ìwẹ̀ tó ń pariwo. Ẹ ta àgọ́ inú nìkan, èèkàn mẹ́rin igun ti tó bí afẹ́fẹ́ kò bá sí. Ẹ sọ pé “bonjour” kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ní Faransé, ẹni tí kò kí ènìyàn kí ó tó sọ ohun tó fẹ́ ni wọ́n ń kà sí aláìlẹ́kọ̀ọ́, ọmọ Yorùbá kò sì nílò kí a ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Ọjọ́rú: Bourges sí Millau, bíi 430 kìlómítà

Láti Clermont-Ferrand, A75 kò gba owó títí dé ẹ̀gbẹ́ Béziers, àfi lórí afárá Millau nìkan. Afárá náà, tí wọ́n ṣí ní December 2004, gùn ní 2,460 mítà, góńgó rẹ̀ tó ga jù sì ga ju 330 mítà lọ. Ẹni tó máa sùn nínú ìlú Millau yóò ti sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó kan afárá, ó sì lè gun márosẹ̀ padà ní gúúsù láìsan owó rẹ̀.

A75 máa ń gòkè kọjá 1,100 mítà. Bí abẹ́rẹ́ ìgbóná ẹ́ńjìnnì bá ń gòkè, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ tan afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ọkọ̀ dé òpin. Ó máa ń ni ẹni tó jókòó lára, ṣùgbọ́n ó ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná.

Alẹ́ Millau tutù, nítorí òkè. Ẹ sùn dáadáa, ẹ ò ní rí irú rẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀: Millau sí Argelès-sur-Mer, bíi 235 kìlómítà

A gbéra ní aago 6 àárọ̀. Ní Pas de l'Escalette, ọ̀nà já wálẹ̀ láti orí òkè Larzac, ẹ lo jíà láti dín eré kù kí bíréèkì má bàa gbóná. Lẹ́yìn Lodève ni afẹ́fẹ́ yí padà: ooru, òórùn igi páínì, ariwo kòkòrò cigale. A9 láti Béziers lọ sí Perpignan máa ń dí láti nǹkan bí aago 10.

Argelès ní bíi 50 ibùdó àgọ́, ìlú kékeré sì ni. Ọ̀pọ̀ ibùdó kì í fún ènìyàn ní ààyè títí di aago 2 tàbí 4 ọ̀sán, àmọ́ ẹni tó bá dé ní aago 11 á lè fi orúkọ sílẹ̀, á fi ọkọ̀ síbi ìgbọ́kọ̀sí ìta, á sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ wo ààyè tó ṣí sílẹ̀. Àǹfààní ibẹ̀ pọ̀. Ẹ má wo bí ó ṣe sún mọ́ òkun. Ẹ wo ibi tí òjìji igi máa wà ní aago 3 sí 7 ọ̀sán, ìyẹn ni pé kí igi wà ní apá ìwọ̀-oòrùn àgọ́. Òjìji òwúrọ̀ kò wúlò, torí pé oorun kò pa ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ lẹ́yìn aago 7. Ẹ sá fún ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà, àti ibi ìjó alẹ́. Igi páínì dára lórí àgọ́, ṣùgbọ́n oje rẹ̀ máa ń kán sórí ọkọ̀, ẹ̀rọ ìfọkọ̀ kì í sì í ṣí i.

Ilẹ̀ le níbẹ̀ bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti pẹ́. Èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá àgọ́ wá máa ń tẹ̀ ní ìlù kejì. Èèkàn irin líle oní 25 sẹ̀ǹtímítà àti òòlù irin ni ẹ máa lò. Òòlù rọ́bà kàn máa ń ta padà ni. Ẹ gbá a wọlẹ̀ ní ìgun 45, kí orí rẹ̀ fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ àgọ́. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ iyanrìn, èèkàn fífẹ̀ tó gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà ló ń dúró.

Ẹ ta tápólì aláwọ̀ fàdákà sókè àgọ́, kí àlàfo 30 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín méjèèjì. Àlàfo yẹn ni iṣẹ́ náà. Tápólì tó bá fara kan àgọ́ á gbé ooru rẹ̀ fún un, èyí tó bá jìnnà díẹ̀ á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba àárín kọjá kó sì gbé ooru lọ. Ṣùgbọ́n ẹ so okùn rẹ̀ sí èèkàn tirẹ̀, kì í ṣe sí ti àgọ́, kí ẹ lè tú u láàárín ìṣẹ́jú kan bí ẹ̀fúùfù bá dé.

Iná mànàmáná ń fẹ́ àlàyé. Ibùdó ń ta á ní ìwọ̀n ámpíà: 6 tàbí 10 ni ó wọ́pọ̀. Ámpíà 6 jẹ́ bíi 1,380 wọ́ọ̀tì, 10 jẹ́ 2,300. Kẹ́tùlù ilé oní 2,200 wọ́ọ̀tì á gé iná lórí 6, àpótí iná sì lè wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ títí ọlọ́fíìsì á fi dé láàárọ̀. Ìkòkò ìrẹsì oníná 500 wọ́ọ̀tì, fáànù àti fíríìjì kékeré lè ṣiṣẹ́ pọ̀ láìsí wàhálà. Púlọ́ọ̀gì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní CEE ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n àwọn ibùdó àtijọ́ ṣì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ti Faransé. Ẹ mú alásopọ̀ kan dání. Wáyà 25 mítà, onírọ́bà, tí okùn inú rẹ̀ nípọn 2.5 mílímítà onígun, ló bójú mu. Ẹ tú u kúrò lára róòlù pátápátá, kódà bí ẹ bá nílò mítà 5 péré. Wáyà tó wé mọ́ra wọn kì í rí ibi tú ooru sí, ara rẹ̀ á yọ́, iná á sì ràn.

Kúlà oníná tó ń lo púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Irú èyí tí kò ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kì í ṣe ju kí ó fi bíi 18 sí 20 dín sí ooru ìta lọ. Nígbà tí ìta bá jẹ́ 36°C, inú rẹ̀ jẹ́ 16 tàbí 18, adìyẹ tútù kò sì lè sùn nínú ìyẹn di ọjọ́ kejì. Ẹ lo ti kọ̀mpúrẹ́sọ̀, tàbí kí ẹ lo kúlà lásán pẹ̀lú ìgò omi oní lítà 1.5 tí ẹ fi sínú fíríìsà ibùdó lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ibùdó ń gba owó díẹ̀ fún un. Ìgò náà dára ju yìnyín ẹlẹ́kùbù lọ, torí pé bó bá yọ́ tán, ẹ á mu ún, kò sì ní rin oúnjẹ.

Ọjọ́ Ẹtì: òkun, ẹ̀fúùfù àti Collioure

Ẹ̀fúùfù tí wọ́n ń pè ní tramontane máa ń fẹ́ láti àríwá ìwọ̀-oòrùn, láti orí ilẹ̀ lọ sí ojú òkun. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń pa rọ́rọ́ létí, tí òbí sì ń rò pé kò séwu. Ọmọ tó wà lórí bọ́ọ̀lù afẹ́fẹ́ tàbí bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ lè ti kọjá ibi tí àgbà lè wẹ̀ dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lọ́jọ́ tí tramontane bá ń fẹ́, ohunkóhun tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kò gbọdọ̀ wọ omi. Asia ewé, yẹ́lò àti pupa ni àwọn aṣọ́mi ń ta. Pupa túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀. Lójú àgọ́ pẹ̀lú, ẹ tú tápólì, ẹ fa gbogbo okùn le, ẹ kọ ẹ̀yìn àgọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀.

Adágún ìwẹ̀ ibùdó Faransé kì í gba ṣòkòtò ìwẹ̀ tó gbòòrò. Èyí tó fún mọ́ra ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin, nítorí ìmọ́tótó omi. Ẹ rà á nílé, owó rẹ̀ lọ sókè nínú ṣọ́ọ̀bù ibùdó.

Collioure lẹ́wà, kò sì sí ààyè ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí á ti kún kí aago 10 tó lù. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ibùdó, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin TER ní Argelès; ìdúró kan péré ni.

Ooru fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́ lára ọmọdé àti àgbàlagbà. Ọmọ tí kò bá tọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán ti gbẹ. Ẹ po síbí kékeré ṣúgà 6 tó tẹ́jú, pẹ̀lú ìdajì síbí kékeré iyọ̀, mọ́ lítà omi kan tó mọ́, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ara bá gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò bá lọ déédéé mọ́, ẹ pe 112 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀ nígbà tí ẹ ń dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: a kò rìn

Ọjọ́ yìí ni gbogbo ayé ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde. Ẹ ra oúnjẹ lánàá, ẹ jókòó.

Ìdáná: ọ̀pọ̀ ibùdó etí Mẹditaréníà ti fòfin de èédú lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, gáàsì tàbí iná mànàmáná nìkan ni wọ́n gbà. Òfin yìí kì í ṣe ti ìfẹ́ ara ẹni. Ní August 2023 ni iná igbó ya wọ àgbègbè Argelès yìí gan-an, tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde nínú ibùdó. Bí tramontane bá gbé iná dání, kò sí àsìkò láti ká àgọ́. Nítorí náà, lálaalẹ́: ẹ kọ ojú ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ẹ kó pásípọ́ọ̀tù, oògùn àti kọ́kọ́rọ́ sínú àpò kan, kí bàtà olúkúlùkù wà lẹ́nu àgọ́. Bí fóònù bá dún ariwo ìkìlọ̀ ìjọba, ẹ fi àgọ́ sílẹ̀.

Sílíńdà búlúù Campingaz ni ẹ máa rí pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ní Faransé àti Sípéènì. Nọ́ńbà 907 gba gáàsì 2.75 kìlógíráàmù. Sílíńdà ńlá Ìlú Ọba kò ṣe é pàrọ̀ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ yàtọ̀.

Ọjọ́ Àìkú: lọ sí Sant Pere Pescador, bíi 75 kìlómítà

Ní Faransé, ọkọ̀ ẹrù ńlá kì í rìn láti alẹ́ Àbámẹ́ta di alẹ́ Àìkú, ọ̀nà sì fúyẹ́ nítorí náà. A kọjá Le Perthus, ẹnubodè Faransé àti Sípéènì, kí aago 8 tó lù. Epo ọkọ̀ dínwó ní La Jonquera, lápá Sípéènì, ju ti Faransé lọ, ẹ gbé táǹkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo débẹ̀. Ìyára tó pọ̀ jù lójú márosẹ̀ Sípéènì jẹ́ 120.

Níbi ìsinmi tó wà lẹ́bàá márosẹ̀ AP-7, pàápàá bí ẹ bá ń sún mọ́ Barcelona, àwọn olè ní ọgbọ́n kan tí gbogbo arìnrìn-àjò mọ̀: ẹnìkan á nawọ́ sí táyà yín pé ó ti jò, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ wò ó, ẹnìkejì á ṣí ilẹ̀kùn kejì. Ẹ tilẹ̀kùn, ẹ máa wakọ̀ lọ sí ilé epo tó ní iná àti ènìyàn kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ Ajé: Sant Pere Pescador

Etí òkun fẹ̀, iyanrìn rẹ̀ dára, ìlú L'Escala tó wà nítòsí sì ní àwókù Empúries, ìlú tí àwọn Gíríìkì tẹ̀dó ní nǹkan bí ọdún 575 ṣáájú Kristi. Ẹ lọ kí oòrùn tó kan àtàrí, kò sí ibòji níbẹ̀.

Ẹ̀fọn ni ọ̀tá ibí, nítorí àbàtà Aiguamolls. Oríṣi méjì ni: ti alẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, àti ẹ̀fọn abilà tó ń jẹni lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀fọn abilà kò nílò ju omi inú ìdérí ìgò lọ láti yé ẹyin sí, ẹ da omi inú báàfù, àwo àti bàtà òkun nù lálaalẹ́. Ohun ìpara tó ní DEET tàbí icaridin ló ń ṣiṣẹ́. Òórùn lẹ́mọ́ọ̀nù kì í pẹ́ lára.

Ẹ̀gbẹ́ Girona ni Salt wà, níbi tí àwọn ọmọ Gáńbíà àti Sẹ̀nẹ̀gà pọ̀ sí. Ṣọ́ọ̀bù wọn ní ata rodo, ilá, iṣu àti epo pupa. Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ lè má tún rí ata rodo títí ìrìn-àjò fi parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: El Masnou, bíi 130 kìlómítà

Ẹ má wakọ̀ wọ Barcelona. Láti aago 7 àárọ̀ di 8 alẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ fún àgbègbè èéfín-díẹ̀ kí ó tó wọlé, kámẹ́rà ló sì ń ṣọ́ ọ. Ẹ ta àgọ́ ní El Masnou, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin R1 tó ń gba etí òkun lọ sí Plaça de Catalunya láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ojú irin náà ló pín ìlú àti òkun níyà, ẹ máa gba ihò abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ń pariwo, ẹ mú ohun ìdíléti dání.

Ibi tó bá rí bí ọ̀nà iyanrìn gbígbẹ tó já sí òkun, tí wọ́n ń pè ní riera, ojú odò ni. Ní òpin oṣù kẹjọ, òjò orí òkè lè rọ̀ láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ ìró rẹ̀, kí omi sì ya dé láàárín ìṣẹ́jú. Ní August 7, 1996, omi irú bẹ́ẹ̀ ya wọ ibùdó àgọ́ kan ní Biescas, lórí òkè Pyrenees, ènìyàn 87 sì kú. Ẹ má gbé ọkọ̀ sínú riera, ẹ má gba ààyè tó wà ní ìsàlẹ̀ jù nínú ibùdó.

Ọjọ́rú: Tarragona, bíi 120 kìlómítà

Gbàgede eré àwọn ará Róòmù wà lójú òkun gan-an. Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ń tì láti nǹkan bí aago 2 dé 5 ọ̀sán. Sùúpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kì í tì lákòókò yẹn. Omi ẹ̀rọ ṣeé mu ṣùgbọ́n ó ní adùn kílórìn. Omi onígàlọ́ọ̀nù lítà 5 tàbí 8 ni ọ̀pọ̀ ń rà, lítà 3 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́ fún mímu nìkan. Ibùdó Sípéènì gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ má kó o jìnnà. Òfin etí òkun ti 1988 sì de àgọ́ títa lórí iyanrìn, bó ti wù kí alẹ́ lẹ́ tó.

Ọjọ́bọ̀: Delta de l'Ebre àti Peñíscola, bíi 130 kìlómítà

AP-7 kò gba owó mọ́ níbí: láti January 1, 2020 ni apá Tarragona lọ sí gúúsù ti di ọ̀fẹ́, apá La Jonquera sì tẹ̀lé e ní September 1, 2021. Nígbà tí wọ́n ṣì ń gba owó, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù ń gba N-340 tó wà létí òkun láti yẹra fún un. Ọ̀kan nínú wọn, tó ru gáàsì propylene ju bó ṣe yẹ lọ, bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó Los Alfaques ní Alcanar ní July 11, 1978. Ó lé ní 200 arìnrìn-àjò tó kú. Òkúta ìrántí wọn wà níbẹ̀. Títí di òní, ẹ má gba ààyè tó kángun sí N-340. Ariwo àti eruku nìkan ti tó ìdí.

Delta náà, ibi tí odò Ebro ti ń wọ òkun, kún fún oko ìrẹsì. Ìrẹsì bomba wọn kúrú, ó ń mu omi púpọ̀, kò sì bá ọbẹ̀ ata jollof mu. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ “vaporizado” sí lára ọ̀rá, òun ni ìrẹsì tí a mọ̀. Tàtàṣé wọn, pimiento rojo, dára gan-an. Ẹ gé e, ẹ sè é gbẹ kí ẹ tó da epo sí i, torí gáàsì kékeré kì í tètè fa omi ata.

Peñíscola ní ilé olódi lórí àpáta, ibi tí Benedict XIII, póòpù tí Ìjọ Róòmù kò kà sí ti òótọ́, gbé láti 1411 títí ó fi kú ní 1423. Ẹ gòkè lẹ́yìn aago 7 ìrọ̀lẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí etí òkun ní ọ̀pá irin tó ga bíi mítà 2 lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tú àpótí orí ọkọ̀ tàbí kí ẹ rìn.

Ọjọ́ Ẹtì: ìkágọ̀ọ́ àti ìpadàbọ̀

Ìrì máa ń pọ̀ létí òkun, àgọ́ kì í gbẹ kí aago 8 tó lù. Ẹ ká bẹ́ẹ̀dì àti ìdáná lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àgọ́, ẹ nu inú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, kí ẹ tó fa èèkàn. Ẹ gbọn iyanrìn kúrò nínú síìpù pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Iyanrìn ló ń jẹ eyín síìpù. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ èèkàn, òòlù àti ìdí táyà. Bí àgọ́ bá ṣì tutù nígbà tí ẹ dé ilé, ẹ ta á sínú ilé tàbí lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan náà. Wákàtí 24 nínú àpò ti tó kí èébu dúdú mú un, kì í sì í lọ mọ́.

August 15 jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní orílẹ̀-èdè méjèèjì: ṣọ́ọ̀bù á tì, ọ̀nà á dí. Ẹ má fi ọjọ́ ìpadàbọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ wa Faransé padà lè gba Zaragoza lọ sí Bilbao, níbi tí ọkọ̀ ojú omi wà sí Portsmouth. Ó ń gbà ju ọjọ́ kan lọ lójú omi, yàrá ìsùn inú rẹ̀ sì máa ń tán ní oṣù mélòó kan ṣáájú, nítorí náà ẹ gbà á nígbà tí ẹ bá ń gba ti Dover. Kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, ẹ ti sílíńdà gáàsì pa, ẹ yọ rọ́bà rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ó wà nínú ọkọ̀.